Ilà Ojú Moríyọ̀

Amukoko, Èkó
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 2024

Tinú ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń rọjú? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹsẹ̀ mi tó wú lọ́jọ́sí ti fà. Mo kí ọ kú iṣẹ́ àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú ní Sheffield, Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwọ náà rí ẹni tó máa tọ́jú rẹ. Ìkíni tán.

Tinú, o jà mí lólè.

Ejiro ọ̀rẹ́ rẹ, tó ń ránṣọ níwájú ilé wa, ló sáré wọlé tọ̀ mí wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní, "Mama Tinú, your work don reach abroad o! Ẹ wá wo fótò yín!" Ó na fóònù sí mi, mo wá awò ojú mi wọ̀. Mo rí ògiri funfun kan, mo rí àwòrán tó ga tó ilẹ̀kùn lára rẹ̀, obìnrin kan jókòó nínú àwòrán náà. Ojú obìnrin yẹn dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹyinjú méjì àti eyín iwájú nìkan ló hàn. Mo wò ó títí kí n tó mọ̀ pé Moríyọ̀, ìyá Usamah, ni. Èmi tí mo ya fótò náà! Ọrùn léèsì rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀, àti àga tí Ṣàfíù bàbá rẹ kàn fún mi kó tó kú.

Mo lọ ṣí àpótí irin. Àpò bébà mẹ́ta kò sí níbẹ̀ mọ́: ti Moríyọ̀, ti Nkechi, ti Kafilat.

O mọ ohun tí àpótí yẹn jẹ́. Láti kékeré ni mo ti sọ fún ọ. Láti ọdún 1987, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo máa ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí ọkùnrin kankan tó ń wọlé. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn kò gbà kí ọkùnrin onífótò rí wọn ló ń wá. Wọ́n á ṣí gèlè, wọ́n á tú ìborùn, wọ́n á jókòó pẹ̀lú irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Fótò kan ni mo ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nẹ́gátíìfù á wọ àpótí, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́rùn mi. Mo búra fún wọn. Àwọn mìíràn fi fótò tiwọn sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, wọn ò jẹ́ kí ọkọ wọn rí i títí dòní.

Ìwọ wá gbé orí ṣíṣí Moríyọ̀ kọ́ ògiri fún òyìnbó wò, o tún pa ojú rẹ̀ rẹ́.

Má pè mí. Tó o bá pè mí, mi ò ní gbé e. Lórí fóònù, o máa ń fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kọ ọ́ sí bébà kí n rí ìkọ̀wé rẹ. Oghenetega, ọkọ Ejiro, ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní Apapa, àpò lẹ́tà ọ́fíìsì wọn ń lọ sí ìlú òyìnbó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun ló máa bá mi fi tèmi ránṣẹ́. Ìwọ wá ọ̀nà tìrẹ.

Èmi ìyá rẹ,
Sìdíkátù Onífótò


Sheffield
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, 2024

Màmá mi,

Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó gbé bírò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wà níbẹ̀ títí lẹ́tà yìí á fi parí. Ẹ kú ìmúra ààwẹ̀. Ẹ máa lo oògùn ẹsẹ̀ yẹn lójoojúmọ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá tún wú.

Mo gbà pé mo kó o láìsọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má pè mí lólè. Ẹ rántí ọdún 2022, tí àgbàrá wọlé dé orókún, tá a gbé àpótí irin lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ Ejiro. Nígbà tí omi fà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ju odindi páálí nẹ́gátíìfù nù, gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra bí àkàṣù. Ẹ sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo wà níbẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni mo rìnrìn àjò, mo sì mú mẹ́ta tí mo fẹ́ràn jù, kí omi má baà jẹ wọ́n. Tí mo bá tọrọ wọn, ṣé ẹ̀ ń fún mi ni?

Màmá mi, ogójì ọdún lẹ fi yàwòrán, kò sí ẹni tó mọ orúkọ yín kọjá ọjà Boundary. Wọ́n ń pè yín ní onífótò páàsípọ́ọ̀tù. Ó ń dùn mí. Mo fi àwòrán yín han obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé àfihàn àwòrán níbí, ó dìde dúró. Ó ní òun ń ṣe àfihàn kan lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà, òun á fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀, òun á sì kọ orúkọ yín gàdàgbà. Mo fọwọ́ sí ìwé. Èyí tí Ejiro rí, ìdánwò ni, wọ́n fi ń polówó.

Ní ti bí ojú Ìyá Usamah ṣe dúdú, mo béèrè. Ọ̀gá náà ní fíìmù ayé ìgbà yẹn kì í rí èèyàn dúdú, pé ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn, àti pé dúdú yẹn gan-an ló mú un lẹ́wà. Ó ní àwọn tó ń wo àwòrán fẹ́ràn àdììtú.

Ẹ jọ̀ọ́, irú fíìmù wo lẹ lò? Wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi jù.

Ọmọ yín,
Tinú


Amukoko
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 2024

Tinú,

Ààwẹ̀ di méjìdínlógún lónìí, ọ̀fun mi gbẹ, nítorí náà má retí ọ̀rọ̀ dídùn. Mo kí ọ.

O ní o kó o kí omi má baà jẹ ẹ́. Omi ìbá jẹ ẹ́, Ọlọ́run ló ni omi. Ìwọ ta ló rán ọ?

Obìnrin yẹn ní fíìmù kì í rí èèyàn dúdú. Jókòó, jẹ́ n bá ọ sọ ọ̀rọ̀ fíìmù, nítorí nígbà tó yẹ kó o kọ́ ọ lọ́wọ́ mi, bọ́ọ̀lù lò ń gbá kiri ní pápá Maracana.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìṣẹ́yìn sọ fún mi pé fíìmù kan wà nígbà èwe òun tí kì í rí àwọ̀ pupa. Ohun tó bá pupa, dúdú ló máa gbé e jáde. Obìnrin tó lé làálì á dà bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ èédú. Àwa tí ara wa dúdú, tí pupa wà nísàlẹ̀ dúdú náà, ṣe ló ń kùn wá ní dúdú lé dúdú. Ti fíìmù yẹn, mo gbà. Èyí tí mo fi ya Moríyọ̀ kì í ṣe irú ẹ̀. Gbogbo àwọ̀ ló ń rí, ó kàn ń sọ wọ́n di eérú ni: eérú tó funfun, eérú tó dúdú, àti bí ogún oríṣi mìíràn láàárín. Àárín yẹn ni ojú wa ń gbé. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ tó gé àárín dànù, funfun àti dúdú ló kù sí i lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún Moríyọ̀ nìyẹn.

Tí èèyàn dúdú bá wọ léèsì funfun, léèsì á máa tan kámẹ́rà. Kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti tó. Irọ́ ló ń pa. Èmi máa ń fi kún un, mo sì máa ń na aṣọ funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ṣe é fún Moríyọ̀. Ojú rẹ̀ wà nínú nẹ́gátíìfù yẹn.

Má fi kọ̀ǹpútà wò ó. Gbé e síwájú fèrèsé lọ́sàn-án, wá awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. O mọ̀ pé nínú nẹ́gátíìfù, dúdú ló ń mọ́, funfun ló ń ṣú. Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Pélé mẹ́ta ló wà lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ọ̀kan nínú tòsì kúrú, torí ó fi ìbínú já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ olóólà nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Tó o bá kà á pé mẹ́fà, fíìmù kò jẹ̀bi.

Tó o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ nínú yàrá òkùnkùn: tan iná ẹ̀rọ sórí bébà, kà dé mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n tó o bá ti ka márùn-ún, fi ọwọ́ ṣíji bo ojú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má ṣú u jù. Máa mi ọwọ́ náà díẹ̀díẹ̀, kí etí òjìji ọwọ́ rẹ má baà hàn lórí bébà. Lẹ́yìn náà, bo ojú pátápátá, kí o fún léèsì ní mẹ́rin sí i. Èmi ń kà á láàárín kí NẸ́PÀ tó mú iná. Ìwọ ní iná tí kì í lọ, o ò ní àwáwí.

Èmi máa lọ bá àwọn tó ni ojú wọn. Ẹni tó bá ní rárá, rárá ni. Sọ fún ọ̀gá rẹ.

Sìdíkátù


Sheffield
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ dárí jì mí pé ó pẹ́, mi ò fẹ́ kọ̀wé lásán.

Mẹ́fà ni. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan nínú tòsì kúrú.

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú fèrèsé, ojú tì mí. Ó ti lé lọ́dún kan tí nẹ́gátíìfù yìí ti wà lọ́wọ́ mi, mi ò wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Usamah rí. Mo san owó yàrá òkùnkùn kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, mo sì lo gbogbo Àbámẹ́ta méjì níbẹ̀. Mo ka mẹ́jọ, mo ṣíji bò ó ní márùn-ún. Ìwé mẹ́tàlá ni mo bà jẹ́. Ìkẹrìnlá ló wà nínú àpò yìí. Ẹ wò ó, ẹ sọ òótọ́.

Mo tún dán nǹkan kan wò. Mo ra oríṣi fíìmù mẹ́ta, mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi tó funfun, mo fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya ara mi níbì kan náà. Èyí tó jẹ́ dúdú-òun-funfun ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe wí. Èkejì ni sìláìdì, fíìmù aláwọ̀ tí kò ní nẹ́gátíìfù, tí àwòrán máa ń jáde lórí fíìmù fúnra rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ń tàn yòò, ṣùgbọ́n kò láàánú. Aṣọ mi mọ́ gaara, ojú mi wọ òkùnkùn lọ. Nígbà tí mo fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ojú mi jáde, aṣọ di funfun lásán, bọ́tìnnì rẹ̀ ò hàn mọ́. Ẹ̀kẹta ni fíìmù aláwọ̀ tó ní nẹ́gátíìfù. Ìyẹn ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra: mo fún un ní ìlọ́po méjì, ojú wà, aṣọ wà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, ojú mi ní àwọ̀ ewé gbígbẹ. Báwo lẹ ṣe ṣe é tí aṣọ jọ́ọ̀jì pupa Màmá Nkechi fi pupa, tí ojú wọn náà sì jẹ́ ojú wọn?

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ síwájú ọ̀gá ilé àfihàn, pẹ̀lú nẹ́gátíìfù. Mo ní, "Ẹ wò ó, fíìmù rí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí." Ó gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tinú, tìrẹ yìí dára, ṣùgbọ́n fótò ṣọ́ọ̀bù lásán ló jọ. Èyí tó dúdú yìí ní ohun tó ń sọ." Mo béèrè pé kí ló ń sọ. Ó kàn dá tèmi padà fún mi.

Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. Kò sí ilé àfihàn mìíràn tí mo mọ̀ níbí. Tí mo bá bá a jà, ilẹ̀kùn tí mo fi ọdún kan kàn á tì. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ yín,
Tinú


Amukoko
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún, 2024

Tinú,

Mo kí ọ, mo sì kí ọwọ́ rẹ. Mo rí èyí tó o tẹ̀. Ibi irun ṣì ṣú jù, léèsì fẹ́ mẹ́ta sí i, o ò mi ọwọ́ dáadáa lápá òsì, mo rí àmì ìka rẹ. Ṣùgbọ́n Moríyọ̀ ni. Mo gbé e ti ara ògiri, mo wò ó jẹun alẹ́.

O ní kí ni kó o ṣe. Kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Nkechi. Òun ṣì ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Alábà, ní Amukoko níbí, ó ti di ìyá ìjọ. Ó ní, "Madam Foto, when I fine like that, who I dey hide am for? Abeg, hang am!" Ó ní kó o kàn rí i pé jọ́ọ̀jì òun pupa dáadáa.

Mo lọ sí ibùdókọ̀ Coconut lọ bá Abdulrasheed, ọmọ Kafilat. Bírèkì tírélà ló ń tún ṣe. Mo ṣàlàyé tán, ó fi àkísà nu ọwọ́, kò gbà kí n fi nǹkan kan han òun. Ó ní, "Màmá, ìyá mi ò jẹ́ kí ọkùnrin rí irun wọn títí wọ́n fi kú. Wọ́n ní kí n dáná sun fótò wọn, mo sun ún. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá ṣí i lórí wọn?" Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀. Kafilat kúrò níbẹ̀, Tinú. Má tẹ̀ ẹ́, má yà á sínú fóònù, dá a padà.

Moríyọ̀ ń gbé lọ́dọ̀ Usamah ọmọ rẹ̀ ní Ijora. Mo ti ní kí Ejiro tẹ èyí tó wà lórí fóònù sórí bébà, mo gbé e fún un. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. "Sìdí, ta nìyí?" Mo ní, "Ìwọ ni." Ó ní, "Èmi kẹ̀? Níbo lẹ gbé ilà mi sí?" Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ó sọ fún mi pé omi ti jẹ fótò tòun láti ọjọ́ pípẹ́, pé òun ò ní èyí tí òun fi jẹ́ ọ̀dọ́ rí mọ́. Mo wá fún un ní tìrẹ. Ó gbé e lọ síwájú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó ní kí n sọ fún ọ báyìí: "Tí wọ́n bá máa fi ojú mi hàn, kí wọ́n fi ojú mi hàn. Ọkọ tí mo ń sá fún ti kú. Ṣùgbọ́n tí ìdí ìkòkò yẹn bá tún wà lára ògiri, kí Tinú má kí mi mọ́ láyé."

Ní ti jọ́ọ̀jì pupa. Lọ́dún 1988, mo máa ń gbé fíìmù aláwọ̀ lọ fọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Apapa. Ẹ̀rọ wọn ló ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ń fi àwòrán obìnrin òyìnbó kan ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Tí ara obìnrin yẹn bá ti pọ́n bó ṣe yẹ, wọ́n gbà pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni Nkechi jáde bí ẹni tó ń ṣàìsàn ibà pọ́njú. Mo dá a padà. Nnaemeka tó ń wa ẹ̀rọ náà ní, "Madam, na so machine talk." Mo fa ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé orí fótò náà, mo ní, "Ìwọ ńkọ́, Nnaemeka, ṣé bí ara tìẹ ṣe rí nìyí?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ní mi ò kúrò níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà mọ́kànlá lọ́jọ́ yẹn, ó ń dín àwọ̀ kan kù, ó ń fi òmíràn kún un, títí Nkechi fi di Nkechi. Nkechi fúnra rẹ̀ gbà á láyè, láti ọjọ́ náà ni Nnaemeka sì ti gbé fótò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Tí fíìmù mi bá ti dé, Nkechi ló ń wò, kì í wo òyìnbó yẹn mọ́. Kò pẹ́, gbogbo onífótò Ajégúnlẹ̀ ń sọ pé, "Fi Nkechi fọ tèmi."

Ìkan nínú fótò yẹn wà nínú àpò yìí. Gbé e fún ẹni tó ń fọ tìrẹ. Tó bá ní ẹ̀rọ ló wí bẹ́ẹ̀, fa ọwọ́ tìrẹ síbẹ̀.

Ọ̀gá rẹ ní fótò ṣọ́ọ̀bù lásán ni. Ṣọ́ọ̀bù mi ni. Ibẹ̀ ni mo ti bọ́ ọ.

Ìyá rẹ


Amukoko
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, 2024

Tinú,

Ọjọ́ kẹjọ ti kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀tunla ni Iléyá. Moríyọ̀ ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo lè wí.

Tó o bá ti jẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀, sọ fún mi kí n mọ̀. Mi ò ní ṣépè. Màá kàn ti ṣọ́ọ̀bù pa, kò sí ẹni tí mo tún ń fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún.

Sìdíkátù


Sheffield
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹfà, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún Iléyá. Ẹ kú ìdúró. Mo gba lẹ́tà kúkúrú yẹn, mo kà á lórí ìdúró nínú ọkọ̀, mo gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Lọ́jọ́ kẹrin oṣù yìí, mo lọ sí ilé àfihàn. Wọ́n ti gbé Ìyá Usamah kọ́, ó ga tó ilẹ̀kùn, ojú ìdí ìkòkò yẹn gan-an. Màmá Kafilat náà wà níbẹ̀, èmi tí mo ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n má fi wọ́n síbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ "obìnrin tí a kò mọ̀."

Mo ní, "Mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní ọmọ. Ọmọ wọn sì ti ní rárá."

Ọ̀gá náà ní, "Ta ló ni fótò?"

"Ìyá mi."

"Ta ló fọwọ́ sí ìwé?"

"Èmi ni. Ìwé náà sì sọ pé mo lè kó o kúrò títí á fi ku ọjọ́ mẹ́ta sí àfihàn. Ó ku mẹ́rin."

Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń tu ọmọdé nínú. Ó ní kí n ronú, pé tí mo bá ṣe èyí, kò sí ilé àfihàn ní ìlú yìí tó máa gbà mí wọlé mọ́. Màmá mi, mo rántí bẹ́ ẹ ṣe fa ọwọ́ Nnaemeka, ṣùgbọ́n mi ò fa ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kàn fa àkàbà tó wà níbẹ̀, mo gùn ún, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wò mí. Ẹnì kan dìde wá di ẹsẹ̀ àkàbà mú kí n má ṣubú. Mo gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo gba nẹ́gátíìfù tí mo fi sọ́dọ̀ wọn padà, mo jáde. Nígbà tí mo dé ìta ni mo tó rí i pé mo ń sunkún.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi lè kọ̀wé. Mo ń rò ó pé mo ti da gbogbo rẹ̀ nù.

Munachi, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe irun. Ó ní ògiri ẹ̀gbọ́n òun ṣófo. Mo tún tẹ Ìyá Usamah: mo ṣe irun bẹ́ ẹ ṣe wí, mo fún léèsì ní mẹ́ta sí i, mo mi ọwọ́ títí apá ń ro mí. Mo gbé fótò Màmá Nkechi lọ fún ẹni tó ń fọ fíìmù aláwọ̀. Ó ní ẹ̀rọ ti wọn ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé ọwọ́ mi lé orí bébà. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà.

Lọ́jọ́ kejìlélógún, a gbé méjèèjì kọ́ sínú sálọ́ọ̀nù yẹn. Mo kọ orúkọ wọn sábẹ́ rẹ̀, mo kọ orúkọ yín, mo kọ Amukoko. Kò sí wáìnì, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ gígùn. Àwọn obìnrin tó wá ṣe irun ló ń wò ó. Ìyá àgbà kan, ọmọ Jàmáíkà, dúró síwájú Ìyá Usamah títí wọ́n fi pè é lẹ́ẹ̀mejì pé ó kàn án. Ó bi mí pé ta ló ya èyí. Mo ní ìyá mi. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé àwòrán ìgbéyàwó mi wà nílé, mi ò sì rí ojú mi nínú rẹ̀ rí?" Ó ní ṣé nẹ́gátíìfù rẹ̀ ṣì lè ṣeé tẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ló máa gbé e wá fún mi.

Nẹ́gátíìfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú àpò yìí, pẹ̀lú ìwé àwòrán Ìyá Usamah tó tóbi. Ti Màmá Kafilat wà nínú àpò tí mo lẹ̀ pa, èyí tí ilé àfihàn tẹ̀, mo fúnra mi gé e wẹ́wẹ́, mo sì rí i pé wọ́n pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wọn.

Mo jí i, Màmá mi. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ dárí jì mí.

Tinú


Amukoko
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Keje, 2024

Tinúkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ dáadáa. Òjò ń rọ̀, mo ti gbé àpótí lé òkè, má dá ara rẹ láàmú. Mo gba gbogbo rẹ̀, ó pé.

Mi ò tíì dárí olè jì ọ́ tán. Ó kù díẹ̀. Wá sílé kí n lè parí rẹ̀ lójú rẹ.

Mo mú ti Kafilat lọ sí Coconut. Abdulrasheed ní kí n dúró. Ó lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó fọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, kó tó gbà á lọ́wọ́ mi. Kò ṣí i. Ó ní kí n kí ọ.

Lánàá mo gbé àwòrán ńlá lọ sí Ijora. Moríyọ̀ jókòó sórí ẹní, ó gbé e ka itan, ó fi ìka tọ ilà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí èyí tó kúrú, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo ìbínú mi!" Ó ní kí Usamah kàn án mọ́ ògiri pálọ̀.

Usamah ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kò ṣeé ṣe. Orí yín ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àáfà máa ń wá síbí."

Moríyọ̀ ní, "Kí àáfà máa wolẹ̀."

"Màámi, kí làwọn èèyàn máa wí?"

"Wọ́n á ní mo rẹwà."

Usamah jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rò pé ìyẹn ló parí ọ̀rọ̀. Moríyọ̀ dìde. Ẹni àádọ́rin ọdún, tí eegun ìbàdí ń dùn! Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ọmọ ọlọ jáde, ó ní kí n bá òun di àwòrán mú. Mo dì í mú. Ìṣó àkọ́kọ́ wọ́. Ó jù ú nù, ó mú òmíràn. Ìró rẹ̀ lu gbogbo ilé, Usamah sáré wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìkejì wọlé dáadáa.

Ó wá sún àga sábẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ọmọ ọlọ wà lórí itan rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́, kó wá gba orí òun kọjá.

Ibẹ̀ ni mo fi Moríyọ̀ sílẹ̀ sí nígbà tí mo ń bọ̀ wálé.

Èmi ni,
Sìdíkátù ìyá rẹ